Ìwé Tẹ́ẹ́rẹ́ Abẹ́ Abíyá Tíṣà

Ní ọdún 1996, kí oòrùn tó mú rárá, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá á ti dúró yí tábìlì fẹ́ńdọ̀ ká níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ìkòtún. Púpọ̀ nínú wọn kò ní owó ìwé ìròyìn lápò. Wọ́n á tẹ orí ba, wọ́n á ka àkọlé ojú ìwé iwájú, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì kí ariwo rẹ̀ má bàa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn aṣọ oníbàárà á wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ títí di ọ̀sán.

Oṣù kejì ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ Gani ló gba gbogbo ẹnu. Ní àárọ̀ ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ni àwọn agbófinró lọ gbé Gani Fawehinmi, lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, nílé rẹ̀. Wọn kò mú ìwé àṣẹ dání, wọn kò sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Nígbà tó yá la gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n Bauchi ni wọ́n gbé e lọ. Ayé ìjọba ológun Abacha ni, dìkíríì, ìyẹn òfin àwọn sọ́jà, ni wọ́n sì fi ń ṣe ohun gbogbo. Dìkíríì kejì ti ọdún 1984 fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé iwájú adájọ́, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún kóòtù láti bi wọ́n pé kí ló dé. Ẹ̀tọ́ ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ló rí. Ọwọ́ sọ́jà ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Tíṣà kan wà láàárín àwọn èèyàn ìdí tábìlì yẹn. Tíṣà náà ni gbogbo wa ń pè é. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó dé tòun ti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó fi há abíyá, ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà kọ, tí tádàwà rẹ̀ ti ń parẹ́ létí. Ó ní òfin tí àwọn sọ́jà kò fagi lé nìyí, òun sì ni àwọn lọ́yà Gani gbé lọ sí kóòtù. Ó ní kí ẹni tó bá lágbára dá owó díẹ̀ kí òun lè da ìwé náà kọ sí i. Bàbá mi bojú wò ó láti ẹ̀yìn máṣíìnì.

"Tíṣà, ṣé òyìnbó ló kọ ọ́ fún wa ni?"

"Rárá o, Bàbá Ṣẹ̀gun. Àwa la kọ ọ́. Èkó níbí gan-an lọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

Mo rò pé Tíṣà ń bù mọ́ ọn ni. Mo ti di àgbàlagbà kí n tó fi ojú ara mi ka ìtàn náà, kí n sì rí i pé kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, tí òmìnira wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, àwọn adájọ́, agbẹjọ́rò àti olùkọ́ òfin 194 kóra jọ sí Èkó. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà 23 ni wọ́n ti wá, àti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án mìíràn lẹ́yìn wọn. Àjọ àwọn amòfin àgbáyé tó wà ní Geneva ló pè wọ́n. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, tí àwọn amòfin ń pè ní Òfin Èkó títí di òní, ni pé kí àwọn ìjọba Áfíríkà ronú àtiní ìwé àdéhùn tiwọn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí ẹni tí wọ́n bá fi ìyà jẹ yóò fi ríbi gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ó gba ogún ọdún. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1981, ní Nairobi, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí mo ń pè ní Ìwé Áfíríkà. Òun ni ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ Tíṣà. Banjul ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní Ìwé Banjul. Ní 1983, láyé Ààrẹ Shagari, àwọn aṣòfin wa sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ tó ti Èkó jáde padà wálé. Ọdún náà kò tíì tán tí sọ́jà fi gba ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kì í jẹ́ kí n gbà nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ àjèjì ni òfin àgbáyé, pé ìwé òfin tiwa nìkan ló kàn wá. Níbo ni orí tó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ nínú ìwé òfin tiwa ti wá? Ní 1953, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì na ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ṣe ní Rome ní 1950, dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ẹ̀rù ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké pé àwọn ẹ̀yà ńlá yóò gbé wọn mì, wọ́n sì ń bèèrè fún ìpínlẹ̀ tiwọn. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ wọn ní 1957 sí 1958, kò fún wọn ní ìpínlẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ sínú ìwé òfin dípò rẹ̀. (Lójú tèmi, ẹni tó ń bèèrè ilé tí a wá fún ní kọ́kọ́rọ́ nìkan kò lè ṣàìbínú.) Ìwé Rome yẹn ni wọ́n wò kọ orí kẹta ìwé òfin ọdún 1960. Láti ọjọ́ tí a ti bí i ni ìwé òfin wa ti ń mu omi odò kan náà pẹ̀lú òfin àgbáyé.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sọ níta ṣe ń di òfin nínú ilé? Ọ̀nà tí mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi nìyí. Bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, wọ́n á wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. A lè ti ṣe ìdána, a lè ti jẹ, kí a ti mu, bí omi kò bá tíì kan ẹsẹ̀ yẹn, ìta ló ṣì dúró sí. Bí abala 12 ìwé òfin ọdún 1999 ṣe rí nìyẹn. Ààrẹ lè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Geneva tàbí Addis Ababa, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò tíì di òfin tí adájọ́ lè fi dá ẹjọ́ ní Ìkẹjà, àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ìwé Áfíríkà wà lára ìwọ̀nba àwọn tí a wẹ ẹsẹ̀ wọn. Àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin tí a fọwọ́ sí ní 1985, àti àdéhùn ńlá méjèèjì ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí a fọwọ́ sí ní 1993, wọ́n ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2000 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Gani. Abacha ti kú láti 1998, Gani sì ti wà nílé tipẹ́. Adájọ́ Ogundare ló kọ ìdájọ́ àgbà. Ó ní Ìwé Áfíríkà lágbára ju àwọn òfin yòókù nílẹ̀ wa lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sọ wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ga ju ìwé òfin ilẹ̀ wa lọ, bí àwọn aṣòfin bá sì fẹ́, wọ́n lè fagi lé e. Ìyàwó náà ju àwọn yòókù lọ nínú ilé, kò ju ìyálé lọ, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bàbá mi fi owó ara rẹ̀ ra ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì. N kò tíì rí i kó ra ìwé ìròyìn rí ṣáájú ọjọ́ náà.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé ọ̀rọ̀ láti ìta lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú. Ní 1995, àjọ tó ń mójú tó Ìwé Áfíríkà ní Banjul bẹ ìjọba wa pé kí wọ́n má ṣe pa Ken Saro-Wiwa, tó ń jà fún ilẹ̀ Ogoni. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá wọ́n so ó rọ̀, òun pẹ̀lú àwọn ará Ogoni mẹ́jọ mìíràn. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò ní ìbọn. Síbẹ̀, àwọn tó dúró nídìí tábìlì yẹn mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fi bá ara wọn jà. Ìyẹn gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí nítorí pé tábìlì náà kò sí mọ́. Àga ìjókòó obìnrin tó ń ṣe POS ló wà níbẹ̀ báyìí, lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ ewé. Àwọn ọkùnrin ṣì ń tẹ orí ba, ojú fóònù ni wọ́n ń wò, oníkálùkù sì wo tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tí a dàgbà sí kò ṣeé mọ̀ mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí èèyàn bá kúrò ní Ìkòtún tó ń lọ sí Ìgándò, oko ẹ̀gẹ́ àti ọgbà ẹ̀fọ́ àwọn Àwórì onílẹ̀ ló máa ń rí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ní Ẹgbẹ́dá, ẹni tó bá ń gbé Gowon Estate, olówó ni lójú wa. Kànga wà nínú àgbàlá, a ń fà á, a ń mu ún. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní a pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó pọ̀ tó wa. Kànga àgbàlá wa ti wà lábẹ́ páànù láti ọjọ́ pípẹ́, ṣáláńgá ilé mẹ́rin ló yí i ká.

Ẹ̀bá ọ̀nà tó ti Ìgándò lọ sí Ìyànà Ìbá ni ààtàn Solous wà. Ìdọ̀tí Èkó ló ń gorí ara wọn níbẹ̀ títí tí ó fi di òkè. Ilé ìwòsàn ìjọba fún Alímọ̀ṣọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, òórùn náà á kún inú ọkọ̀, àwọn èrò á fi ìborùn bo imú, dẹ́rẹ́bà á sáré. Àwọn tó ń gbé àdúgbò náà kò ní ibi tí wọ́n lè sáré lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìwé méjèèjì, ìwé òfin wa àti Ìwé Áfíríkà, ti ń dùn mí jù. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ ní orí kejì pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀, kí ìtọ́jú wà fún aláìsàn, kí ìwé kíkà wà fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n abala kẹfà ìwé kan náà ti kọ̀ fún àwọn kóòtù láti bi ìjọba bóyá ó tẹ̀lé orí kejì yẹn. A ṣe ìlérí, a sì gba ẹnu ẹni tí ó lè bèèrè ìlérí náà.

Ìwé Áfíríkà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ 16 fún wa ní ìlera, ẹsẹ 17 fún wa ní ẹ̀kọ́, ẹsẹ 24 ní gbogbo àwùjọ ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára tó sì lè mú wọn dàgbà sókè. Kò gbé wọn sápá kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ẹ̀tọ́ ni gbogbo wọn, láti 1983 ni wọ́n sì ti jẹ́ òfin ilẹ̀ wa. Àwọn kan ti gbé e dé kóòtù. Ní 2001, àjọ tó wà ní Banjul dá ẹjọ́ ilẹ̀ Ogoni, ó ní ìjọba wa rú ẹsẹ 24. Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Benin City gba ẹ̀bẹ̀ àwọn ará Iwherekan lòdì sí iná gáàsì tí ń jó tọ̀sán tòru lẹ́bàá ilé wọn. Adájọ́ náà so ìwé méjèèjì pọ̀: ó ní ẹ̀tọ́ sí ìwàláàyè nínú ìwé òfin wa kò lè dá dúró láìsí afẹ́fẹ́ tó mọ́, Ìwé Áfíríkà ló sì fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ní 2009, kóòtù ECOWAS tó wà ní Àbújá sọ fún ìjọba wa, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ SERAP pè, pé ọ̀rọ̀ orí kejì kò lè dí ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ láti bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ lábẹ́ Ìwé Áfíríkà. Ohun tí ìwé ilé gbà lọ́wọ́ wa, ìwé tí a jọ kọ pẹ̀lú àwọn ará ìta dá a padà.

Àwọn aládùúgbò wa ní ìwọ̀-oòrùn, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kò ní láti rìn yí ká bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 so Ìwé Áfíríkà mọ́ ara rẹ̀, ó ní ara mi ni. Ó tún kọ ọ́ gbangba pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára. Bí mo ṣe ń jowú wọn tó, n kò gbàgbé pé ní 2020, ìjọba Benin gba ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń gbà gbé e lọ sí kóòtù Áfíríkà ní Arusha kúrò lọ́wọ́ wọn.

Wíwẹ ẹsẹ̀ yìí máa ń pẹ́, ìpẹ́ rẹ̀ sì ní ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Ọdún 1989 ni wọ́n bí àbúrò mi obìnrin, nínú ọdún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1991. Ó di 2003 kí ó tó di òfin ní Àbújá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọdé jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀. Ọdún 2007 ni Èkó ṣe tiwa. Àbúrò mi gbé àwo ẹ̀pà sísè kiri ọjà Ìkòtún lẹ́yìn ilé ìwé ní gbogbo àkókò yẹn, ó sáré tẹ̀lé danfó, ọkọ̀ gbá a lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí òfin tó sọ pé kò yẹ kí ọmọdé kiri ọjà dé Èkó, ó ti pé ọmọ ọdún 18. Òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti bímọ tirẹ̀ báyìí, kò sì jẹ́ kí wọ́n kiri.

Ilẹ̀kùn tó ṣí lónìí pọ̀ ju ti 1996 lọ, òtítọ́ ni. Ìlànà tí Adájọ́ Àgbà Kutigi gbé jáde ní 2009 mú kí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ rọrùn. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn ní láti kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù kó tó pe ẹjọ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù méjìlá sí ìgbà tí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Gbogbo ìyẹn ti lọ. Ẹni tí wọn kò fìyà jẹ lè pe ẹjọ́ fún ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, ìlànà náà sì ní kí àwọn adájọ́ máa wo Ìwé Áfíríkà àti ìkéde àgbáyé ti 1948. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé ẹgbẹ́ aráàlú lè pe ẹjọ́ lórí àyíká. Ní 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé àyíká tó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ ènìyàn. Bí Tíṣà bá ní ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí lọ́wọ́ ní 1996, á ti jó yí tábìlì fẹ́ńdọ̀ ká.

Mo lọ kí i lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ìgándò ló kọ́lé sí, nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì wọ́n níwọ̀n. Wíńdò ilé rẹ̀ wà ní títì ní ọ̀sán gangan, fáànù sì dákẹ́ nítorí pé kò sí iná. Mẹ́ruwà kan ń já kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ bà mí lórí, ó bèèrè ìyá mi, lẹ́yìn náà ó bèèrè ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo ní a ti yá a fún onífóònù.

"Ẹ ṣì ní ìwé yẹn, sà?"

Ìyàwó rẹ̀ ló lọ gbé e jáde láti inú àpò ìwé kan. Ó ti rọ̀ bí aṣọ àtijọ́. Tíṣà ní ojú òun kò ká lẹ́tà kéékèèké mọ́, kí n ka ẹsẹ 24 sókè. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá, ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n wo wíńdò.

"Ta ló máa bá wa lọ?" ni wọ́n bi mí. "Kóòtù Ìkẹjà ni àbí ti Àbújá?"

Mo ní àwọn méjèèjì ṣeé ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lọ́yà àti owó rẹ̀, àti àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Tíṣà ń ṣí ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó ń wá ibi tó ṣófo tí yóò kọ orúkọ àwọn ará àdúgbò sí. Ẹ̀yìn ìwé náà kò ṣófo. Orúkọ ti wà níbẹ̀, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ wọ́n, méjìlá ni wọ́n, pẹ̀lú iye tí oníkálùkù dá ní Sátidé yẹn. Mo ka dé ìkẹfà. Dẹ́rẹ́bà, náírà méjì. Alájà, náírà mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ wọn ló kọ ọ́ sí: Télọ̀, náírà márùn-ún.